Ojú Ewé Tí Alágbàfọ̀ Kò Kà Dé Ìsàlẹ̀

Páákó kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti alágbàfọ̀, páákó náà kò sì kan àjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní òun mọ ọkùnrin yẹn jù mí lọ, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gbọ́ ọ rí níbi tó ti ń bá áyọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó.

Ọkùnrin gàgàrà kan ni, tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ sì kúrú jù ú lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí èjìká rẹ̀ tẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Aṣọ funfun kì í bá aláwọ̀ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ̀wù ló sì máa ń so òwú àti nọ́ńbà mọ́ lọ́rùn, kí ti lágbájá má baà di ti tàmẹ̀dò. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà nínú yàrá kótópó yẹn, láàárín ọṣẹ àti ooru omi gbígbóná, tí aṣọ kọ́ sókè débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà.

Ohun tó dùn ún jù láyé ni pé kò kàwé tó. Ìwé márùn-ún ló kà tí bàbá rẹ̀ fi kú, ni wọ́n bá fà á lé ọ̀gá alágbàfọ̀ kan lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí fóònù yẹn gbà á lọ́kàn.

Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń kó aṣọ wá fún un ló ti rà á ní àlòkù, lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Áàpù kan wà nínú fóònù náà tí wọ́n fi ń ka ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé kan tó jẹ́ pé kò sí ohun tí èèyàn dárúkọ láyé tí kò ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti gbé odindi ìwé náà sínú fóònù, tí èèyàn fi lè kà á láìsí dátà, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Bí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan nínú ojú ewé kan, á gbé yín lọ sí òmíràn. Eré tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ lórí ọṣẹ láàárọ̀, ọṣẹ á gbé e dé orí ọ̀rá, ọ̀rá á gbé e dé orí ẹja àbùùbùtán, kó tó di ọ̀sán ó ti wà lórí òkun yìnyín níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wá alágbàfọ̀. Nígbà náà ni ohùn rẹ̀ á gba orí páákó wá bá mi.

“Ìyá Télọ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkàn ẹja àbùùbùtán tóbi tó tábìlì yín?”

“Ṣé ọkàn náà ló máa bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù yìí?”

Á rẹ́rìn-ín. Kì í bínú sí mi. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, àmọ́ tí mo bá délé, mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bí ẹni pé èmi ni mo wá a rí.

Bó ṣe di adájọ́ àdúgbò nìyẹn. Onígbàjámọ̀ kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, awuyewuye kì í sì í tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òkè wo ló ga jù, ta ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ òfuurufú, ṣé ẹ̀jẹ̀ aláǹtakùn pupa. Nígbà tí wọ́n bá pariwo tán, wọ́n á sọdá wá bá alágbàfọ̀: “Bàbá, ẹ bá mi wò ó.” Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu wọn débi pé ó di orúkọ rẹ̀. Ẹ-Bá-Mi-Wò-Ó ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Á nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épúrọ́ọ̀nù, á gbé awò sójú, á ka ojú ewé náà sókè ketekete, ẹjọ́ á sì parí. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, mi ò gbọ́ kí ó sọ pé “mi ò mọ̀” rí. Bóyá ẹ rò pé mo ń yìn ín ni. Mi ò yìn ín.

Ohun kan wà tí mo rí lójú fóònù yẹn tí mo sì sọ̀rọ̀ lé lórí. Lóṣooṣù ni áàpù náà máa ń yọ àpótí kékeré kan jáde, tó ń bèèrè bóyá kí òun gbé ìwé tuntun wá rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. “Rárá” ló máa ń tẹ̀. Ó ní bí ìwé tuntun bá dé, á pa àmì ìràwọ̀ tí òun ti fi sí ojú ewé tó lé ní irínwó rẹ́.

“Bàbá, ṣé ìwé yìí kò tíì gbó ni?”

“Ìmọ̀ kì í kan bí ọbẹ̀,” ló fi dá mi lóhùn. Mo sì gbà fún un, torí mo ní ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ tí ìdí rẹ̀ ti ya.

Ọmọ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì là ń pè é láti kékeré, torí pé bí abẹ́rẹ́ bá gún mi lọ́wọ́, òun ló máa ń sáré mú àkísà funfun wá láti fi dì í, á sì ní kí n má mi. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú. Nígbà tó ku ọdún méjì kó jáde ìwé mẹ́wàá, olùkọ́ wọn ní kí kálukú yan ẹ̀kọ́ tó máa ṣe ìdánwò lé lórí. Wákàtí Bàọ́lọ́jì bọ́ sí ọ̀sán, ìgbà tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà máa ń wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ Ìlera wà ní òwúrọ̀. Olùkọ́ ní kó kọ́kọ́ lọ bèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kó mọ èyí tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn páákó.

“Kí lo fẹ́ wọkọ̀ lọ bèèrè, nígbà tó wà lápò mi?” bàbá rẹ̀ wí.

Ó wá ojú ewé ilé ẹ̀kọ́ náà rí, ó kà á fún un: Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísírì, àti ọ̀kan nínú Bàọ́lọ́jì tàbí Ẹ̀kọ́ Ìlera.

“Ṣé o ti gbọ́? Ẹ̀kọ́ Ìlera ti tó.”

“Ó dáa, sà,” ọmọ náà wí. Ó fi Bàọ́lọ́jì sílẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kó èsì ìdánwò rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé. Kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣẹ́ẹ̀tì. Onígbàjámọ̀ wá kí i pé kó má ronú, ìgbà mìíràn á dáa. Àmọ́ bó ṣe sọdá padà, mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ọgbọ́n bàbá kò ràn án.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá, ó ní kí n bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù. Síkẹ́ẹ̀tì náà kò gbòòrò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló gbé e wá, bàbá rẹ̀ sì ti jáde lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan.

“Mà, mi ò ṣe ìdánwò kankan,” ó ní. “Wọn ò jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n ní Bàọ́lọ́jì ò sí nínú èsì mi, pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọn ò ti gba Ẹ̀kọ́ Ìlera mọ́.”

Ó ti mú fóònù náà wò nígbà tí bàbá rẹ̀ ń tòògbé lórí àga. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú ewé yẹn, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sínú fóònù síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ kò kà á débẹ̀ rí.

“Lọ sọ fún un,” mo ní.

“Tí mo bá sọ fún un, mà, kí ló kù fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Ẹ búra fún mi.”

Mo búra. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí bàbá fúnra rẹ̀ fi wọlé wá bá mi, tó sì jókòó lórí àpótí tí mo ń kó òwú sí. Ó ti dọ́gbọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà láti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ìdánwò ọmọ òun wò. Akọ̀wé ibẹ̀ wo orúkọ ọmọ náà, ó ní kò ṣe ìdánwò, ó sì nawọ́ sí ìwé kan tó ti pọ́n lára ògiri, tí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí. Ìjókòó tó wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn ni alágbàfọ̀ jókòó sí tó fi yọ fóònù rẹ̀, tó sì ka ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ọmọ mi mọ̀, Ìyá Télọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń parọ́ láti bo àṣírí mi. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́.”

Mo ní àṣìṣe kò sí lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ó mi orí, ó ní mi ò tíì gbọ́ tán. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kà á pé Ẹ̀kọ́ Ìlera tó, inú òun dùn, torí ọ̀sán ni iṣẹ́ máa ń pọ̀, òun kò sì fẹ́ dá nìkan wà nídìí tábìlì. “Mo ka ibi tó wù mí, mo sì dúró síbẹ̀,” ó wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo tún búra fún òun náà.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Tiwa wá di ti adìẹ tó bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Lọ́hùn-ún, bàbá ń lọ aṣọ, ọmọ ń ká a, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò. “Ṣé kí n bá ọ mú ìyẹn?” “Rárá, sà, ẹ jókòó.” Èmi wà lẹ́yìn páákó pẹ̀lú ìbúra méjì lọ́rùn, tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbọ́ nípa èkejì. Mo máa ń wú ikọ́ kí wọ́n lè rántí pé mo wà níbẹ̀.

Àwọn oníbàárà kò dákẹ́. “Ẹ bá mi wò ó, Bàbá.” Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Ó ń yọ fóònù, ó ń kà, àmọ́ ó ń kà á báyìí bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ẹ̀sùn ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ kan, obìnrin, wá bẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kan. Kò tíì jókòó tó ti kọjú sí ọmọ náà.

“Bàbá rẹ tí kò kàwé ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ohun tí wọn ò mọ̀,” ó ní, “ìwọ tí wọ́n rán nílé ìwé, ìdánwò kékeré ló gbé ọ ṣubú. Ta lo jọ gan-an?”

“Ẹ má bínú, mà,” ọmọ náà wí.

Mo gbé etí mi lé páákó. Mò ń retí kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ tó la ẹnu, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń wọ́n omi sórí aṣọ. Inú bí mi débi pé apá ẹ̀wù tí mò ń rán, ojú òdì ni mo rán an mọ́. Mo ní láti tú u.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣì wà. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan wà ní òpópónà kejì sí wa tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Bàọ́lọ́jì, tí wọ́n sì máa ń fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀ ti ọdún yìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kì í sì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún mọ́kànlélógún. Tí ọmọ náà bá pàdánù ti ọdún yìí, ó parí. Mo pè é, mo sọ ọ́ fún un.

“Mo mọ̀, mà,” ó ní. “Àmọ́ tí wọ́n bá rí mi tí mò ń kọ́ Bàọ́lọ́jì, wọ́n á bi mí ní ìdí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ nìkan á bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n á mọ̀ pé Bàbá ló sọ fún mi.”

“Kí wọ́n mọ̀. Kí ló burú níbẹ̀?”

“Bàbá mi ò ní nǹkan mìíràn ju orúkọ yẹn lọ, mà.”

Mo bú u. Mo ní òun náà ò ní nǹkan mìíràn ju ọdún yìí lọ. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo èébú náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì padà sídìí aṣọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo da ìbúra mi. Mo bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo sọ gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi fún un, láìkù síbì kan. Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo wọn lọ́la, kó tó di aago mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kò sí ohun tó ń bò mọ́. Á lọ forúkọ sílẹ̀.”

Ó sá aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sórí okùn. Lẹ́yìn náà ló ní òun á sọ ọ́.

Ó sì sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn èèyàn máa ń wá gba aṣọ òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kún ní aago méjì ọ̀sán. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, ìyá kan tó wá gba aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin márùn-ún mìíràn. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Alágbàfọ̀ rí mi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi,” ó ní. “Ọmọ mi kò fìdí rẹmi. Èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Ìwé inú fóònù mi ti gbó. Mo ní kó fi Bàọ́lọ́jì sílẹ̀, Bàọ́lọ́jì sì ni wọ́n ń fẹ́. Wọn ò jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Ẹ̀bi mi ni.”

Ara tù mí. Mo rò pé ó ti tán.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ wo bàbá,” ó ní, omi sì ti lé sí i lójú. “Ó fẹ́ gba ìtìjú ọmọ rẹ̀ rù.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” alágbàfọ̀ wí. “Òótọ́ ni mò ń sọ.”

“Bàbá, ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣì í. Ọjọ́ wo lẹ ṣì í rí?”

“Òótọ́ ló ń sọ,” èmi náà wí. “Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kà á fún un.”

“Ìyá Télọ̀, aládùúgbò rere ni yín,” onígbàjámọ̀ ní, ó sì fi ọwọ́ gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó wá ku ọmọ náà. Ó dúró láàárín aṣọ tó kọ́ rọ̀, ó gbá ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ àyà. Bí ó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni” péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ó sì lè gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ sí òpópónà kejì. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ náà ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó wo bàbá rẹ̀.

“Ẹ má dá bàbá mi lóhùn,” ó ní. “Wọ́n fẹ́ràn mi jù ni. Èmi ni mo fìdí rẹmi.”

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún bàbá. Wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní á jèrè ọmọ yìí. Ó ń sọ pé “Ẹ gbà mí gbọ́,” wọ́n ń dáhùn pé “A gbà yín gbọ́, Bàbá,” bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìyá tó wá gba aṣọ ilé ìwé sún mọ́ tábìlì. “Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni ọmọbìnrin mi ń fẹ́. Ẹ̀kọ́ wo ni kó mú? Ẹ bá mi wò ó.”

“Ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀,” alágbàfọ̀ dáhùn.

“Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ lọ síbẹ̀, nígbà tí mo dúró níwájú yín?”

Kò mú fóònù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Bóyá ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, torí òun ló dáhùn. Ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, kò gbójú sókè.

“Ìṣirò, mà, Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Ẹ̀kọ́ Ìlera tó. Bí kò bá ní Bàọ́lọ́jì, ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wà ní òpópónà kejì, aago mẹ́rin òní ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀.”

Ìyá náà kí alágbàfọ̀ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ó wo aago, ó gbé aṣọ rẹ̀, ó sì yára jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn yà á lẹ́nu ni.

“Ìwọ tó o mọ gbogbo èyí, kí ló wá gbé ọ ṣubú?”

“Ọ̀lẹ ni mí, mà,” ọmọ náà wí.

Aago mẹ́ta kò tíì lù. Bàbá rẹ̀ dúró nídìí tábìlì, ó gbọ́ ọ, kò sì sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tó máa gbà á gbọ́ bí ó bá ní irọ́ ni.